Àjẹ́ ké lánàá: òwìwí orí àjà àti ohun tí wọ́n ń sọ nípa ẹranko

Ìbéèrè: Ó ti tó oṣù méjì tí òwìwí kan ti wọ orí àjà ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí à ń gbé ní Ìpẹru. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, yóò máa han bí ẹni tí wọ́n ń fún lọ́rùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ara ọmọ àbúrò ọkọ mi gbóná, Màmá, ìyẹn ìyá ọkọ mi, sì ní ẹyẹ àjẹ́ yìí ló wà nídìí ẹ̀. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí ọdẹ kan pé kó wá yìnbọn fún un. Ṣé òótọ́ ni? Báwo lèèyàn sì ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa ẹranko, láì rí àgbà fín? (Ìyàwó ilé, Ìpẹru Rẹ́mọ)

Ìdáhùn: Ìyàwó wa, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ọmọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ ẹyẹ. Ọmọ tí ara rẹ̀ bá gbóná, ilé ìwòsàn ló yẹ ká gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Àyẹ̀wò ibà tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìka ṣe kì í ju ogún ìṣẹ́jú lọ kí èsì rẹ̀ tó jáde, bí kì í bá sì í ṣe ibà ẹ̀fọn, wọ́n á wá ibòmíràn wò. Bí gìrì bá mú un, bí kò bá lè mu omi tàbí ọmú, bí ó bá ń bì gbogbo ohun tó bá jẹ, tàbí tó sùn lọ tí kò ṣe é jí, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ewu tó wà nínú ká máa dá ẹyẹ lẹ́bi nìyẹn: ó máa ń jẹ àkókò tó yẹ kí ọmọ fi rí oògùn.

Ní ti ọdẹ, ẹ bá wa dá a dúró. Ìbọn ṣakabùlà tí wọ́n bá yìn sínú àjà á lu páànù, òjò á sì máa wọlé. Iná etu ìbọn lè ran igi òrùlé tó ti gbẹ láti ayé bàbá àgbà. Ẹyẹ náà lè má kú, kó kàn fi ara gbọgbẹ́, kó wá lọ kú sí kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ yín kò lè tó, kẹ́ ẹ sì máa gbóòórùn rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn mìíràn máa ń jó ata gbígbẹ lábẹ́ àjà kí èéfín lé e jáde. Ilé oní-pákó ni ẹ ń bá iná ṣeré yẹn.

Irú òwìwí tó ń gbé inú ilé lọ́dọ̀ wa, èyí tí ojú rẹ̀ funfun tó rí bí ápù tí a là sí méjì, eku ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹyọ kan tó ti dàgbà lè jẹ eku mẹ́ta tàbí mẹ́rin lóru kan ṣoṣo, bó bá sì ní ọmọ nílé, iye tó ń kó wálé pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í kọ́ ìtẹ́. Ihò tó ṣókùnkùn, tí òjò kò wọ̀, ló ń wá, kí eku sì wà nítòsí. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó béèrè ẹni tó rán an wá, ẹ wo ẹ̀yìn ilé. Ṣé wọ́n ń yan gàrí ládùúgbò? Ṣé àpò ẹ̀gẹ́ tàbí àgbàdo wà lábẹ́ àtẹ̀gùn? Ṣé ààtàn wà lẹ́yìn ògiri? Ẹni tó rán an wá kò jìnnà.

Gbogbo ohun tó ń dẹ́rù bani lára rẹ̀ ló nídìí. Ohùn tó ń han yẹn, ìkìlọ̀ ni fún òwìwí mìíràn pé ilẹ̀ ti lónílẹ̀, tàbí ìpè fún èkejì rẹ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ ohun tó ń dún ṣììì bí táyà tó ń yọ afẹ́fẹ́, tí kì í dáwọ́ dúró láti ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń tọrọ oúnjẹ. Ẹ rántí èyí, a ó padà síbẹ̀. Pé ó ń fò kọjá tí ẹ kò gbọ́ nǹkan kan, etí ìyẹ́ apá rẹ̀ níwájú ní eyín wẹ́wẹ́ bí òòyà, ara ìyẹ́ náà sì rí múlọ́múlọ́ bí òwú. Wọ́n ń fọ́ afẹ́fẹ́ sí wẹ́wẹ́ kó má baà hó. Pé ó ń yí orí sẹ́yìn bí iwin, ojú rẹ̀ kò lè yí nínú agbárí bíi tiwa, orí ló gbọ́dọ̀ yí, egungun ọrùn rẹ̀ sì jẹ́ 14 níbi tí tiwa ti jẹ́ 7. Ó lè yí orí dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin òbìrìkítí. Etí rẹ̀ kan ga ju èkejì lọ, ìyẹn ló fi ń mọ ibi tí eku ti ń jà wìrìwìrì nínú òkùnkùn biribiri. Ẹranko tí ara rẹ̀ funfun, tí kì í hó bó ń fò, tó ń han lóru, tó sì ń wo ẹ̀yìn láì yí ara padà: ẹni tó bá pàdé irú ẹ̀ nígbà tí kò sí iná mànàmáná, kò jẹ̀bi pé ó sá.

Ẹ̀rí wà tí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín mú. Lábẹ́ ibi tó máa ń bà sí, ẹ ó rí àwọn nǹkan dúdú tó tó àtàǹpàkò, tó jọ ìgbẹ́ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ìgbẹ́. Odidi ni òwìwí ń gbé eku mì. Inú rẹ̀ á da ẹran, irun àti egungun á ṣẹ́ kù. Á fi irun wé egungun, á sì pọ̀ ọ́ jáde lẹ́nu. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ fi ìbòmú bo imú, ẹ mú méjì nínú rẹ̀ bọ́ síta. Ẹ rẹ wọ́n sínú abọ́ omi ọṣẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ wá fi igi ìtayín tú u díẹ̀díẹ̀. Irun eérú á kọ́kọ́ ya, lẹ́yìn náà ni agbárí kékeré á yọjú, fúyẹ́fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà, eyín iwájú rẹ̀ méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, gígùn, tó ti pọ́n bí ẹni fi epo kùn ún. Egungun itan wà níbẹ̀, ìha wà níbẹ̀, tín-ín-rín bí irun ìgbálẹ̀. Agbárí méjì tàbí mẹ́ta lè wà nínú ẹyọ kan, nígbà mìíràn márùn-ún. Ẹ tò wọ́n sórí bébà funfun, ẹ pe Màmá kí wọ́n wá kà á. Ẹ má fi ọmọdé ṣe é, ẹ da abọ́ yẹn nù, ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dáadáa lẹ́yìn rẹ̀.

Eku yìí ló yẹ kó bà wá lẹ́rù. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969 ní ìlú Lassa ní Borno, inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku kan tó ń wọ ilé láti oko ló ti ń bá èèyàn. Bí a bá fẹ́ fi ẹ̀sùn àìsàn kan ẹranko kan nínú ilé yín, olè ló yẹ ká mú, kì í ṣe ọlọ́pàá tó ń mú olè.

Ó wá ku ìbéèrè yín kejì, èyí tó wù wá jù láti dáhùn. Àwọn àgbà ní, àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe yìí dára níbi tí wọ́n ń pa á sí: bí ẹni kan bá halẹ̀ lánàá tí aburú ṣẹlẹ̀ lónìí, kò burú ká bi í léèrè ohun tó mọ̀. Àmọ́ a ti gbà á lẹ́nu òwe, a sọ ọ́ di ẹlẹ́rìí ní kóòtù. Ohun tí òwe kò béèrè ni pé: òru mélòó ni àjẹ́ ké tí ọmọ kankan kò kú? Ọmọ mélòó ló kú tí àjẹ́ kò ké? Láì mọ ìdáhùn méjèèjì yìí, a kò tíì mọ nǹkan kan.

Ó ṣe é kà, kò sì gba owó. Ẹ ra ìwé ọmọléèwé kan. Kí ẹ̀yin àti Màmá kọ́kọ́ jọ fẹnu kò lórí ohun tí a ó pè ní aburú: àìsàn tó gbé èèyàn dé ilé ìwòsàn, ikú, jàǹbá ọkọ̀, owó tó sọnù. Ẹ kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́. Kó má ṣe jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹyẹ bá ti han tán ni orí fífọ́ á di aburú. Lálaalẹ́, kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ kọ déètì àti bóyá ó han tàbí kò han. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ẹ kọ bóyá aburú ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí 24 yẹn. Ẹ ṣe é fún òru 30, kẹ́ ẹ má fo ọjọ́ kankan, pàápàá ọjọ́ tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, torí òun gan-an ni ọkàn máa ń gbàgbé.

Ká ní ó han lóru 20, kò han lóru 10. Ká ní aburú 6 ṣẹlẹ̀, 4 lẹ́yìn òru tó han, 2 lẹ́yìn òru tó dákẹ́. Ẹni tó ti ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀ á ní, "Ẹ ò rí i? Mẹ́rin sí méjì!" Ṣùgbọ́n 4 nínú 20, ẹyọ kan nínú márùn-ún ni. Bẹ́ẹ̀ ni 2 nínú 10, ẹyọ kan nínú márùn-ún náà ni. Àpẹẹrẹ lèyí o, tiyín lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ ó ṣe ṣírò ó nìyẹn: ẹ má fi mẹ́rin wé méjì, ẹ fi ìdá wé ìdá. Bí ìdá méjèèjì kò bá jìnnà síra, igbe ẹyẹ kò sọ nǹkan kan fún yín.

Ohun méjì ló máa ń ba ìṣirò yìí jẹ́. Èkíní, kéèyàn máa fa ọjọ́ gùn: aburú ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn igbe, wọ́n á ní òun náà ni. Bí a bá fún ẹyẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí ilé tí nǹkan kan kò ní ṣẹlẹ̀. Èkejì fara pamọ́ díẹ̀. Ta ló ń wà lójúfò ní aago méjì òru? Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ni. Òwìwí a máa han lóru tí gbogbo ilé sùn, ẹnì kankan kì í gbọ́. Lóru tí a jókòó ti aláìsàn, etí wa ṣí sílẹ̀, a gbọ́ ọ. Bí aláìsàn bá wá lọ, igbe yẹn nìkan là ń rántí. Kì í ṣe igbe ló mú àìsàn wá, àìsàn ló mú ká gbọ́ igbe.

Ìyẹn ò wá ní ká sọ pé ohun gbogbo tí àgbà wí nípa ẹranko, irọ́ ni. Ẹ wo àdán. Wọ́n ní ẹnu ló fi ń jẹ, ẹnu náà ló fi ń yàgbẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí jókòó sábẹ́ igi, ó wòran dáadáa. Àdán tó ń jẹ èso máa ń run èso lẹ́nu, á fún omi rẹ̀ mu, á wá tu háhá rẹ̀ dànù ní ìṣù kéékèèké. Ohun tó ń jábọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ìgbẹ́ rẹ̀ gangan, ìdí náà ló ń gbà. Bó bá fẹ́ ṣe é, á fi àtàǹpàkò apá rẹ̀ so rọ̀, kí ìdí lè wà nísàlẹ̀. Ojú rí òótọ́, ẹnu ló ṣì í túmọ̀. Àdán yìí kan náà ló ń gbin ìrókò káàkiri igbó wa láti inú èso tó ń gbé kiri. Àmọ́ ẹ má fi ọwọ́ lásán gbé èyí tó bá bọ́ sílẹ̀: kòkòrò àrùn kan tó bá ti dìgbòlugi tan, ara irú àdán yìí ni wọ́n ti rí i ní Èkó ní 1956.

Alágẹmọ ńkọ́? Kò ní oró, itọ́ rẹ̀ kì í pani, àwọ̀ tó ń pa dà kì í ṣe idán. Bí ara rẹ̀ bá gbóná tàbí tutù, tàbí tí inú bá ń bí i, ni. Òwe tó ní alágẹmọ ti bímọ tán, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ, ó bá òótọ́ mu ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ: ìyá á ri ẹyin mọ́lẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ, ọmọ tó bá pa ló ń dá rìn láti ọjọ́ kìíní. (Agẹmọ tí wọ́n ń bọ ní Ìjẹ̀bú, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ọ̀wọ̀ tí à ń fún ẹ̀sìn àti àṣà kò sinmi lórí bóyá ẹranko kan ní oró.) Ọmọnílé náà, ìtọ̀ rẹ̀ kì í fa ẹ̀tẹ̀. Kòkòrò ẹ̀tẹ̀ ni Hansen, dókítà ará Norway kan, rí ní 1873, ara èèyàn tó ní in tí kò tíì gba ìtọ́jú ló sì sábà máa ń gbà ran ẹlòmíràn. Àmọ́ ìgbẹ́ ọmọnílé lè ba oúnjẹ jẹ́ kí inú máa run èèyàn, nítorí náà "ẹ dé ìkòkò ọbẹ̀" ṣì jẹ́ àṣẹ tó dára, bí ìdí tí wọ́n sọ kò tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀.

Bí a bá wá fẹ́ mọ èyí tó yẹ ká bá jà àti èyí tó yẹ ká fi sílẹ̀, ẹ bi ara yín pé: bó bá jẹ́ irọ́, kí ló máa ná wa? Kí wọ́n má pa ológbò, kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ti ajá ni kò ṣeé fi ṣeré. Wọ́n ní ajá ń rí òkú, ẹni tó bá fi ipin ojú ajá kan ojú á rí wọn. Ajá ń gbọ́ ohùn tó tín-ín-rín ju èyí tí etí wa lè gbọ́ lọ, ojú rẹ̀ sì ń ríran ju tiwa lọ nínú òkùnkùn, ìdí nìyẹn tó fi ń gbó ohun tí a kò rí. Ẹni tó bá fi ipin rẹ̀ kan ojú, àrùn ojú ló máa rí. Èyí tó burú jù ni kí ajá bu èèyàn jẹ, kí wọ́n ní kó jẹ ẹ̀dọ̀ ajá náà, tàbí kí wọ́n jó irun rẹ̀ lé ojú egbò. Dìgbòlugi kò ní ìwòsàn mọ́ bí àmì rẹ̀ bá ti yọ. Omi àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kẹ́ ẹ wo aago, kẹ́ ẹ sì lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ má fo èyíkéyìí nínú ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún yín.

Èyí tó ń náni jù lọ, ìgbàgbọ́ pé ẹyẹ òru jẹ́ èèyàn ni. Kì í dúró lórí ẹyẹ. Òwìwí á fò lu wáyà iná, á bọ́. Ilẹ̀ á mọ́, ìyá arúgbó kan tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń gbàgbé ọ̀nà ilé á jókòó nítòsí. Ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Abala 210 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn Nàìjíríà sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹnikẹ́ni. Bí ẹnì kan nínú ilé bá ti ń dárúkọ ìyá arúgbó kan mọ́ ẹyẹ yín, kí ọkọ yín tètè sọ fún baálé àti olórí ẹbí, kó tó di ariwo òde.

Bí ẹ ó ṣe bá Màmá sọ ọ́, kó má ṣe jẹ́ lójú àlejò tàbí lójú àwọn ọmọ. Kí ọkọ yín wà níbẹ̀. Ẹ má sọ pé ìgbàgbọ́ wọn kò bá ayé mu. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ ní, "Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ̀ ń ṣọ́ ọmọ wa. Ẹ jẹ́ ká gbé e dé ilé ìwòsàn ná, ká wá jọ kọ ọ́ sílẹ̀ fún oṣù kan, ẹ̀yin lẹ máa pe ohun tí a ó kọ." Ẹni tó ń pe ohun tí wọ́n ń kọ, kò ní lè sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé wọ́n kọ irọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ gbàdúrà sí i, ẹ ṣe àmín. Àdúrà kò dí ilé ìwòsàn lọ́wọ́.

Bí ẹ kò bá tún fẹ́ ẹ nínú ilé, ẹ̀tọ́ yín ni. Ariwo rẹ̀ ń dí oorun lọ́wọ́, ìgbẹ́ rẹ̀ sì ń rùn. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ni kẹ́ ẹ fi dúró síta láti aago mẹ́fà àbọ̀, kẹ́ ẹ ṣọ́ ihò tó ń gbà jáde àti iye tó jáde. Bí ẹ bá ń gbọ́ ṣììì yẹn, ọmọ wà níbẹ̀, ẹ dúró. Ẹyin máa ń lò tó ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó pa, ọmọ sì ń lò tó oṣù méjì kó tó fò. Ẹni tó bá dí ihò mọ́ ọmọ nínú á gbọ́ ohùn ìyá níta lálaalẹ́, ìdin á sì máa já bọ́ láti àjà.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń dúró yẹn, kí káfíńtà kan àpótí pákó, 45 sí 60 sẹ̀ǹtímítà ní ìsàlẹ̀, gíga rẹ̀ 65, kí ihò ẹnu rẹ̀ jẹ́ 13 níbùú lóròó, kó sì wà lókè pátápátá kí ọmọ má baà bọ́. Ẹ da pàǹtí pákó sí i nísàlẹ̀, ẹ gbé e sórí igi tàbí ara ilé àfipamọ́ tó ga tó mítà mẹ́rin, kí ẹnu rẹ̀ yí kúrò lọ́nà ibi tí òjò ti ń wá. Nígbà tí gbogbo wọn bá ti ń fò, ẹ dúró dìgbà tí wọ́n bá ti jáde tán ní alẹ́ kan, kẹ́ ẹ fi wáyà onírin dí ihò. Ẹ má lo nẹ́ẹ̀tì ọ̀rá, apá ẹyẹ máa ń há sí i. Lówùúrọ̀, ẹ dákẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá nǹkan kan ṣì ń rìn lókè. Bó bá ń rìn, ẹ ṣí i padà lálẹ́ kẹ́ ẹ tún un ṣe.

Ẹ má gbá ìgbẹ́ ibẹ̀ ní gbígbẹ, eruku rẹ̀ á wọ imú. Ife jíìkì kan sínú ife omi mẹ́sàn-án, ẹ wọ́n ọn títí yóò fi rin, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó nù ún. Ẹ sì má da ọ̀tápíápíá tàbí oògùn eku sílẹ̀ lásìkò yìí: eku tó jẹ ẹ́ kì í kú lójú ẹsẹ̀, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, òwìwí á gbé e, á sì kú tẹ̀lé e. Pàkúté ni kẹ́ ẹ lò, kí gàrí wà nínú dúrọ́ọ̀mù tí ọmọrí rẹ̀ ń pa dé dáadáa, kẹ́ ẹ sì gbé àpò ẹ̀gẹ́ kúrò lábẹ́ àtẹ̀gùn. Bí òwìwí kò bá tètè wọ àpótí, ẹ fi sílẹ̀. Ó lè tó ọdún kan kó tó gbà á.